Fídíò kóríyá fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́: èwo ni ká yàn?

Fídíò kúkúrú tó ń wú èèyàn lórí ti pọ̀ lórí YouTube, TikTok àti WhatsApp débi pé wíwá rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro mọ́. Èwo la máa mú nínú wọn ni ìṣòro. Fídíò fúnra rẹ̀ lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, àmọ́ tí ẹ bá ka àkókò tí ẹ fi so wáyà, tí àwọn ọmọ fi wọ́ bẹ́ǹṣì súnmọ́, tí ariwo fi rọlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ti kó ìdajì pírẹ́ọ̀dù lọ. Ohun tó bá gba àkókò lọ́wọ́ ọmọ tó ń múra WAEC gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa fi san án.

A máa fi wọ́n wéra lórí ẹni tó wà nínú fídíò, irú ìtàn tó ń sọ, gígùn rẹ̀, èdè rẹ̀ àti ohun tí ẹ máa fi wò ó. Ibi tí àwa dúró sí rèé, ká tó lọ jìnnà. Fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ yan ẹni tó súnmọ́ wọn, tó sì fi ọ̀nà tó gbà hàn, ju gbajúmọ̀ tó ti dé òkè tán lọ. Fún olùkọ́, ẹ yan fídíò olùkọ́ mìíràn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú kíláàsì, ju fídíò tó kàn ń yin iṣẹ́ olùkọ́ lọ.

## Gbajúmọ̀ tàbí ará àdúgbò?

Lọ́dún 1997, Penelope Lockwood àti Ziva Kunda ní yunifásítì Waterloo ní Kánádà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ní ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin kan tó ń ta yọ nínú ẹ̀kọ́ yẹn kan náà. Orí àwọn ọmọ ọdún kìíní wú, torí wọ́n rí i pé àyè ṣì wà fún àwọn náà láti dà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti wà ní ọdún kẹrin kà á, kò wú wọn lórí, torí tiwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìtàn kan náà ni gbogbo wọn kà. Bóyá ọwọ́ ẹni tó ń kà á ṣì lè tó ohun tó wà níbẹ̀ ló yàtọ̀.

Ẹ gbé e wá sí iléèwé yín. Nígbà tí WAEC bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, fídíò ọmọ tó gba A mẹ́sàn-án kì í ṣe kóríyá fún ọmọ SS 3 tí ìṣirò ìdá ṣì ń dà láàmú. Ìbẹ̀rù ló máa dá sí i lára. Ẹni tó yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ iléèwé yẹn tó jáde lọ́dún tó kọjá, tó ti gba F nínú ìṣirò rí, tó tún un ṣe, tó sì gba C. Fídíò ọmọ tó gba A mẹ́sàn-án yẹn, ẹ gbé e fún SS 1, ọdún mẹ́ta gbáko ṣì wà níwájú wọn.

A kò ní kí ẹ pa gbajúmọ̀ tì. Fídíò nípa Wọlé Ṣóyínká tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986 ń gbé orí ọmọ Yorùbá sókè, ó ń jẹ́ kó mọ̀ pé irú òun ti dé ibi tí gbogbo ayé ń wò. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, iṣẹ́ náà sì dára. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ọmọ ohun tó máa ṣe lálẹ́ òní pẹ̀lú ìwé tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ̀rí méjì wà nílẹ̀ Áfíríkà tó yẹ kí gbogbo ọ̀gá iléèwé mọ̀. Ní 2010, ní agbègbè Doba ní orílẹ̀-èdè Ethiopia, àwọn olùṣèwádìí gbé fíìmù kúkúrú mẹ́rin lọ bá àwọn ará abúlé, ìṣẹ́jú bíi 15 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà nínú fíìmù náà jẹ́ ará oko bíi tiwọn, tí wọ́n ń sọ èdè wọn, tí wọ́n fi iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí òwò kékeré yọ ara wọn nínú ìṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tó wò ó ti ń fi owó pamọ́ ju àwọn tí kò wò ó lọ, ọmọ wọn tó ń lọ sí iléèwé sì pọ̀ sí i. Fíìmù wákàtí kan péré ló fa ìyẹn. Ìkejì wá láti Uganda, níbi tí Emma Riley ti fi *Queen of Katwe* han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kí wọ́n tó wọ gbọ̀ngán ìdánwò orílẹ̀-èdè. Fíìmù 2016 ni, ó dá lórí Phiona Mutesi, ọmọbìnrin tó dàgbà sí àdúgbò ìṣẹ́ ní Kampala tó sì di akọni nínú ayò chess. Àwọn yòókù wo fíìmù mìíràn tí kò ní irú àwòkọ́ṣe bẹ́ẹ̀ nínú. Àwọn tó wo ti Phiona kò fìdí rẹmi tó àwọn kejì, pàápàá nínú ìṣirò, àwọn ọmọbìnrin àti àwọn tí ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ yé ló sì jèrè jù. Fíìmù gígùn nìyẹn o, kì í ṣe kúkúrú. Ohun tó yẹ ká mú nínú rẹ̀ ni irú ẹni tí wọ́n fi hàn: ọmọbìnrin, ará Kampala bíi tiwọn, tí ilé wọn kò ní owó.

## Òkè téńté tàbí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀?

Fídíò méjì lè sọ nípa ẹnì kan ṣoṣo, kí ọ̀kan gbé ọmọ ró kí èkejì sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Xiaodong Lin-Siegler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn ní New York ní 2016. Wọ́n pín akẹ́kọ̀ọ́ girama tó lé ní 400 sí ọ̀wọ́. Àwọn kan ka ìtàn bí Einstein, Marie Curie àti Michael Faraday ṣe jìjàkadì, yálà nínú iṣẹ́ ìwádìí wọn tàbí nínú ayé wọn. Àwọn mìíràn ka àṣeyọrí wọn nìkan. Máàkì sáyẹ́ǹsì àwọn tó ka ìjàkadì lọ sókè, ti àwọn tó sì ti ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ kọ́ ló gòkè jù, ti àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni. Àwọn tó ka àṣeyọrí nìkan kò jèrè kankan.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba fídíò kan, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé a rí ibi tí ẹni náà ti kùnà, pẹ̀lú orúkọ ohun tó kùnà nínú rẹ̀? Ṣé a rí ohun kan pàtó tó yí padà nínú ìṣe rẹ̀? Ṣé ọmọ tó ń wò ó lè ṣe ohun yẹn lọ́sẹ̀ yìí láì gba owó lọ́wọ́ òbí rẹ̀? "Mo ṣiṣẹ́ kára" kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè kejì. "Mo ń yanjú ìṣirò márùn-ún lójoojúmọ́ nínú ìbéèrè àtijọ́, màá sì gbé èyí tí mo bá gbà lọ́nà òdì tọ tíṣà lọ láàárọ̀" ni ìdáhùn.

Ẹ ṣọ́ra fún irọ́ níbí. Fídíò tó ní Einstein fìdí rẹmi nínú ìṣirò nígbà èwe rẹ̀ ti yí ayé ká, irọ́ ni. Kó tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti mọ ẹ̀ka ìṣirò tí ọmọ yunifásítì ń kọ́. Ní báyìí tí kọ̀ǹpútà ti ń fi ohùn èèyàn sọ ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀, fídíò tí kò bá dárúkọ ibì kan, ọdún kan tàbí ẹnì kan tí a lè wádìí, ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ tó bá rí i lọ́jọ́ iwájú pé irọ́ ni tíṣà fi wú òun lórí kò ní gba òtítọ́ tíṣà náà gbọ́ mọ́.

Oríṣi kan tún wà tó ń dá ọgbẹ́ sí ọmọ lára láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ bẹ́ẹ̀: fídíò tó ń sọ pé ẹni tí kò bá là, ọ̀lẹ ni. Ọmọ tó ta omi inú ọ̀rá kó tó wá sí iléèwé láàárọ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé ìyá òun kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ má ṣe gbé irú fídíò bẹ́ẹ̀ wọ kíláàsì.

## Ọ̀rọ̀ ìyànjú pẹ̀lú orin

Èyí ló pọ̀ jù: ohùn alágbára, ìlù tó ń ga sókè, àwòrán ẹni tó ń sáré lórí òkè. Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí èèyàn, kọ ọ́ láti 1977 pé ohun tó ń fún èèyàn ní ìdánilójú pé "mo lè ṣe é" jù ni ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe yọrí rí. Wíwo ẹni tó jọ ọ́ tó ń ṣe é ló tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ ìyànjú kò lágbára tó méjèèjì. Ó ń gbé ara sókè, ó sì tètè ń tán lára. Ẹ lò ó níbi tí ohun tó tètè ń tán wúlò: àárọ̀ ọjọ́ eré ìje, tàbí ìpéjọ àárọ̀ ọjọ́ kìíní sáà. Tí ẹ bá ń lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin àwọn ọmọ á ti máa sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣáájú ẹni tó ń sọ ọ́.

## Ti olùkọ́ yàtọ̀

Olùkọ́ kì í ṣe ọmọdé tí a fẹ́ fi orin tan. Tí owó oṣù bá pẹ́, tí ọmọ 70 wà nínú kíláàsì, fídíò tó ní "iṣẹ́ tó lọ́lá jù láyé niṣẹ́ yín" lè dàbí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn dí gbèsè. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀: October 5, Ọjọ́ Olùkọ́ Lágbàáyé tí wọ́n ti ń ṣe láti 1994. Ní ọjọ́ yẹn pàápàá, ó sàn kí ẹ gba fídíò ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bíi mẹ́jọ, kí olúkúlùkù sọ ohun kan tí olùkọ́ kan ṣe fún un. Kì í ṣe "ẹ ṣé, tíṣà wa." Kó jẹ́ "Ìyáàfin, ẹ dúró tì mí títí aago mẹ́rin lọ́jọ́ tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ya graph." Olùkọ́ tó bá gbọ́ ìyẹn mọ̀ pé wọ́n rí òun.

Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni ẹ fẹ́ kó tẹ̀síwájú, ẹ yan fídíò tí olùkọ́ mìíràn ti ń ṣe ohun kan tó ṣeé wò kọ́. Gbogbo ẹni tó ṣe NCE ló mọ microteaching, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Stanford ní 1963: ẹ̀kọ́ kékeré, ọgbọ́n kan ṣoṣo, kí a wò ó padà. Ohun tó yẹ kí fídíò olùkọ́ jẹ́ náà nìyẹn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan nítòsí. Mary Budd Rowe rí i ní Amẹ́ríkà pé bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè, bíi ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló máa ń dúró kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dáhùn fúnra rẹ̀. Bó bá dúró fún mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ á gùn sí i, àwọn tí kì í dáhùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn. Ẹ ya èyí ní Primary 5. Olùkọ́ dúró, ó béèrè: "Kí ló dé tí omi inú àmù fi máa ń tutù ju ti inú ike lọ?" Ọwọ́ méjì nà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ iwájú tó máa ń nà ṣáá. Kò pe wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ẹ sì rí i nínú fídíò bó ṣe ń ká ìka: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Lórí ẹ̀ta, ọmọ kan lẹ́yìn gbé ọwọ́ sókè dé ìdajì. Ó pè é. Ọmọ náà ní, "Ara àmù máa ń lààgùn." Ìṣẹ́jú àáyá 40 ni gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ tó bá wò ó lè ṣe é ní pírẹ́ọ̀dù tó kàn, kò ná an ní kọ́bọ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ àwọn ìlú òkèèrè, èyí tó dára jù ni èyí tó ní irú ohun báyìí nínú. Ọ̀rọ̀ tí Rita Pierson sọ ní 2013, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà tó fi 40 ọdún ṣiṣẹ́ náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ, àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí olùkọ́ ilẹ̀ wa lè mú lò. Ọmọ kan gba méjì nínú ìbéèrè 20, Pierson kọ "+2" sórí ìwé ọmọ náà, ó sì ya ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i, dípò kó fi gègé pupa kọ 18 tó gbà lọ́nà òdì.

Ẹ má fi fídíò olùkọ́ yín han àwọn yòókù láì gba àṣẹ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí alábòójútó lò ó fún ìdájọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi fídíò kan fún olùkọ́ ní ìwé ẹ̀sùn, kò sí ẹni tó máa gbà kí wọ́n ya òun mọ́.

## Gígùn àti èdè

Philip Guo, Juho Kim àti Rob Rubin yẹ ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méje tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo fídíò ẹ̀kọ́ lórí edX, ibi ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014. Bó ti wù kí fídíò gùn tó, àkókò tí ọ̀pọ̀ fi ń wò ó kì í kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Fún fídíò kóríyá, ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́rin ló bá kíláàsì mu. Èyí tó bá kéré sí ìṣẹ́jú kan kì í ní àyè fún ìjàkadì, àṣeyọrí nìkan ló máa ń kù nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gba ti TikTok mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Tí èyí tí ẹ fẹ́ bá gùn, ẹ má gé e, ẹ kọ ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí sínú ìwé, kí ẹ fi ìka fà á débẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí àṣẹ wọn kò gba gígé: TED, tó ń gbé fídíò ọ̀rọ̀ àsọyé jáde, gbà ká pín ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ láì fi pa owó, kò sì gbà ká yí i padà.

Ní ti èdè, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni: Yorùbá, níbi tó bá ti wà. Ètò ọdún mẹ́fà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pàápàá kò bàjẹ́. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló wà, tí ẹni náà sì ń sọ̀rọ̀ nímú, ẹ má gbẹ́kẹ̀lé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Ọmọ Primary 3 kò lè kà á tán kó tó lọ, ẹni tó wà lẹ́yìn kò sì rí i. Ẹ dá fídíò dúró ní ibi mẹ́ta tí ẹ ti yàn sílẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì lédè wa, kí ẹ sì máa lọ.

## Ohun tí ẹ máa fi wò ó

Ìṣirò kan ló yẹ kí ẹ fi ṣáájú owó. Ẹ wọn gíga àwòrán, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ: ibẹ̀ ni ẹni ìkẹyìn ti lè jókòó bó bá jẹ́ wíwò nìkan. Bí ọ̀rọ̀ bá wà láti kà, ìlọ́po mẹ́fà ni. Gíga tẹlifíṣàn ínṣì 32 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40, nítorí náà ẹni tó bá kọjá mítà mẹ́ta kò rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́.

| Ohun èlò | Iye ọmọ tó bá mu | Iná tó ń jẹ | Ibi tó ti ń bàjẹ́ |
|---|---|---|---|
| Fóònù | 4 sí 5 | Bátìrì ara rẹ̀ | Ohùn kò jáde, ìpè ń wọlé |
| Tẹlifíṣàn ínṣì 32 | Bíi 15, láàrin mítà 3 | Wáàtì 40 sí 60 | Kò ka fáìlì inú flash |
| Tẹlifíṣàn ínṣì 55 | Bíi 40, láàrin mítà 5 | Wáàtì 100 sí 150 | Gbígbé rẹ̀ kiri, olè |
| Projector | 60 sókè | Wáàtì 200 sí 300 | Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ohùn, iná tó lọ lójijì |

Projector ló ń fa ojú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ mọ́ra jù nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi nǹkan ta iléèwé lọ́rẹ, òun ló sì ń já wọn kulẹ̀ jù. Nínú kíláàsì tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní aago mọ́kànlá, projector tí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,000 ANSI lumens pàápàá máa funfun ṣáá lára ògiri àyàfi tí ẹ bá fi aṣọ dúdú bo fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Àwọn kéékèèké tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú máa ń kọ "lumens" ńlá sára páálí láì sí ANSI níwájú rẹ̀. Iye yẹn kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ara ògiri. Bí iná bá lọ lójijì, fáànù tó ń mú gílóòbù inú rẹ̀ tutù kú pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn sì ń gé ẹ̀mí gílóòbù kúrú. Tí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ dúró títí fáànù fi dákẹ́ kí ẹ tó fa wáyà.

Fún ọ̀pọ̀ iléèwé tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, tẹlifíṣàn ni a máa yàn. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé wáàtì 650 lè gbé projector, kọ̀ǹpútà àgbéléká àti sípíkà pọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ariwo rẹ̀ sì ń bo ọ̀rọ̀. Ẹ gbé e jìnnà sẹ́yìn ilé, kí èéfín rẹ̀ má wọ kíláàsì.

Ohùn ló ń ba fídíò jẹ́ ju àwòrán lọ. Wáyà VGA kì í gbé ohùn rárá. HDMI ń gbé e, ó sì ń dá wàhálà mìíràn sílẹ̀: ohùn á kúrò lára kọ̀ǹpútà, á lọ sínú sípíkà kékeré inú projector, olùkọ́ á wá rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ wọ ibi ètò ohùn lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ yan sípíkà tí ẹ fẹ́. Sípíkà Bluetooth máa ń pẹ́ lẹ́yìn ètè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Wáyà sàn jù. Bí òjò bá sì ń rọ̀ sórí páànù, ẹ sún un sí ọjọ́ mìíràn, kò sí sípíkà iléèwé tó lè borí rẹ̀.

Ẹ má ṣe wò ó látorí íntánẹ́ẹ̀tì tààrà. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta ní 360p kì í sábà kọjá MB 15 sí 20. Ní 720p, ó lè tó 60. Ẹ gbà á sílẹ̀ lálẹ́ àná. Èyí tí ẹ bá fi pamọ́ sínú app YouTube kò ṣeé gbé sórí flash, torí náà ẹ wá èyí tí ẹni tó ni ín fi àṣẹ Creative Commons sílẹ̀, tàbí kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Tí tẹlifíṣàn bá ní kò ka fáìlì, ohun méjì ni ó sábà máa ń jẹ́. Ọ̀nà tí flash náà gbà ń to fáìlì lè jẹ́ NTFS tàbí exFAT, tí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn àtijọ́ kì í kà. FAT32 ni kí ẹ sọ ọ́ dà. Tàbí kí fídíò jẹ́ oníru H.265, tí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn àtijọ́ kì í kà. Ẹ fi HandBrake, app kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, sọ ọ́ di MP4 oníru H.264. "Fast 720p30" tó wà nínú rẹ̀ ti tó. Tí àwòrán bá ń lọ tí ohùn kò sí, ó ṣeé ṣe kí ohùn rẹ̀ má jẹ́ AAC, oríṣi ohùn tí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn ń kà; iṣẹ́ kan náà ló ń wò ó sàn.

Fún àwọn olùkọ́, WhatsApp ti tó. Àmọ́ ẹ fi sínú ẹgbẹ́ iléèwé, kì í ṣe sórí status tó máa lọ lẹ́yìn wákàtí 24, kí ẹ sì kọ ìbéèrè kan mọ́ ọn. Fídíò tí kò bá ní ìbéèrè lábẹ́, àtàǹpàkò òkè lásán ni ẹ máa rí gbà.

## Èyí tí ẹ yà fúnra yín

Tí ẹ bá fi gbogbo ohun tí a ti sọ wọn fídíò tó wà níta, ẹ máa rí i pé díẹ̀ ló kù. Ìdí nìyẹn tí a fi gbà pé fídíò tí iléèwé yà fúnra rẹ̀ borí, bí àwòrán rẹ̀ kò tilẹ̀ dán.

Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó jáde láàrin ọdún kan sí mẹ́rin sẹ́yìn. Kó má jẹ́ ẹni tó tayọ jù. Kó jẹ́ ẹni tó fìdí rẹmi tó sì dìde. Ẹ fi fóònù sí airplane mode, kí ìpè má gé e. Ẹ fi aṣọ mọ́ nu ojú kámẹ́rà. Ẹ dá fóònù sùn gbalaja, kó jókòó lé nǹkan tí kò mì. Kí ẹni náà kọjú sí fèrèsé, kì í ṣe kó kẹ̀yìn sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ á dúdú. Ẹ fi ẹnu gbohùngbohùn earphone há ọrùn aṣọ rẹ̀. Ẹ bi í pé: Iṣẹ́ wo lo kùnà? Kí lo rò nígbà tó o rí èsì? Kí ni ohun àkọ́kọ́ tó o ṣe yàtọ̀, níbo lo sì jókòó ṣe é? Ta ló ràn ọ́ lọ́wọ́? Kí ló ṣì le fún ọ títí di òní?

Ẹ ó gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ẹ fi CapCut tàbí InShot gé e sí mẹ́ta. Ìkùnà ni kó bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 30. Ohun tó ṣe ni kó gba ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, kí ẹ sì fi hàn: ìwé ìṣirò rẹ̀ gan-an pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti fagi lé e, tábìlì ẹ̀bá ìsọ̀ ìyá rẹ̀ tó ti ń kàwé. Ibi tó wà báyìí kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ. Ẹ má fi orin sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá dárúkọ olùkọ́ tó dójú tì í, ẹ yọ orúkọ náà.

Gba ìwé àṣẹ tó sọ ibi tí wọ́n ti máa fi fídíò náà hàn. Bí ọmọ tí kò tíì pé 18 bá wà nínú rẹ̀, òbí tàbí alágbàtọ́ ni yóò fọwọ́ sí i. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti 2023, béèrè bẹ́ẹ̀. Àṣẹ láti fi í hàn nínú kíláàsì kì í ṣe àṣẹ láti gbé e sórí Facebook iléèwé fún ìpolówó.

## Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó tẹ̀lé e

Fídíò tó dára jù tí ẹ wò tán tí ẹ sì kí "ó dàbọ̀" kò yàtọ̀ sí èyí tó burú. Bí ó bá ti parí, ẹ dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ má ṣàlàyé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ fún wọn. Ẹ ní kí olúkúlùkù kọ gbólóhùn kan sẹ́yìn ìwé rẹ̀, ní irú ọ̀nà tí Peter Gollwitzer, onímọ̀ ará Jámánì, fi hàn pé ó ń mú kí ìpinnu di ìṣe ju "màá gbìyànjú" lọ: bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, báyìí ni màá ṣe. "Bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, màá ṣe ìṣirò méjì lórí tábìlì ilé ìdáná kí n tó fọwọ́ kan fóònù ẹ̀gbọ́n mi." Ọmọ ló máa mú aago àti ibi fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ṣe é, kó sọ. Ẹni tí kò ṣe é, kó sọ ohun tó dí i lọ́wọ́, kó sì yí gbólóhùn rẹ̀ padà. Bí ọmọ mẹ́wàá nínú 40 bá ṣe ohun tí wọ́n kọ, ẹ pa fídíò yẹn mọ́ fún kíláàsì tó ń bọ̀. Bí wọn kò bá pé márùn-ún, ẹ wo ẹni tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ṣeé ṣe kó jìnnà sí wọn jù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta ti tó fún kíláàsì kan, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù fún àwọn olùkọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé kí ọ̀rọ̀ owó àti ìwé àkọsílẹ̀ tó gbà á lọ́wọ́ wọn.